Èso Òrí Tí Mo Kà Tí Kò Pé

Bí ẹ bá fi aṣọ di ojú mi, kí ẹ gbé mi sọ síbikíbi nínú igbó láàárín Irawo sí Ṣakí, ẹ ṣáà jẹ́ kí n fi àtẹ́lẹwọ́ pa èèpo igi mẹ́ta lára, màá sọ ibi tí mo wà fún yín. N kò fọ́nnu. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Irawo. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó kàwé títí irun fi tán lórí wọn, èmi ni mo máa ń ṣáájú, àwọn ni wọ́n máa ń tẹ̀ lé mi. Bí mo bá ní ká dúró, wọn a dúró. Bí mo bá ní ká sáré, wọn kì í bèèrè ìdí rẹ̀ títí a ó fi sáré tán.

Iṣẹ́ tí mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ṣe kò ní orúkọ gidi kan. Ìyàwó mi, Muíbátù, ń pè é ní iṣẹ́ ìgbókègbódò. Àwọn ará àdúgbò ń pè mí ní Bàbá Rọ̀fí Akaigi. Ohun tó jẹ́ ni pé bí àwọn ará yunifásítì bá fẹ́ mọ nǹkan nípa igbó wa, èmi ni mo ń mú wọn débẹ̀, èmi ni mo ń bá wọn wọn ohun tí wọ́n fẹ́ wọ̀n. Bí wọ́n bá sì padà sí ìlú ńlá, èmi ni mo ń dúró ti iṣẹ́ náà ní ojoojúmọ́, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, títí wọ́n á fi tún dé. Kíláàsì kẹta ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Síbẹ̀, nọ́ńbà tí mo kọ wà nínú ìwé tí àwọn òyìnbó ń kà.

Àwọn ọmọ tó ń jáde ilé ìwé girama níbí máa ń wá bi mí bóyá iṣẹ́ náà dára. Orúnkún mi ti dá mi jókòó báyìí, mo ní àyè. Mo fẹ́ dá gbogbo wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Rọ̀fíátù, ọmọ mi àgbà, ló ń bá mi to àmì sórí ọ̀rọ̀. Ìyókù, tèmi ni.

Bí mo ṣe dé ibi iṣẹ́ kò gùn láti sọ. Ọdẹ ni bàbá mi. Wọ́n ń wá ẹni tó mọ igbó, wọ́n ní kí n wá. Owó rẹ̀ kò pọ̀, kì í sì í já. Ó tán.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ọ̀gá Dáníẹ́lì ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn, díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì kí ó tó wọ igbó, bí ẹni pé àwọn igi yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í pariwo. Bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ létí ló ṣe ń sọ̀rọ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n máa bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bí ọ̀gá yín bá wò yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó ti máa wá iṣẹ́ míì lórí fóònù.

Òfin rẹ̀ ni pé igi kan, ẹ̀ẹ̀mẹta la ó wọ̀n ọ́n yí po. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé, mo wọn igi kan lẹ́ẹ̀kan, mo da nọ́ńbà kan náà kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wo ìwé mi.

"Múfútàù, ẹ̀ẹ̀mẹta lo wọ̀n ọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó sì rí bákan náà lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Bákan náà gẹ́lẹ́, sà."

"Ó káre. Padà lọ wọ̀n ọ́n báyìí."

Èyí tó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù ni ti ìgò òjò. A ri ìgò kan mọ́lẹ̀ nídìí òkè kan, níbi tí omi òjò yóò ti máa ro sínú rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti lọ wo ibi tí omi dé láràárọ̀, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú oṣù ààwẹ̀ lọ́dún kan, òjò rọ̀ láti sààrì, ẹsẹ̀ mi kò sì gbé mi. Mo wo omi tó wà nínú garawa ní ojúde wa, mo fojú bù ú, mo kọ nọ́ńbà tó dùn ún wò. Nígbà tí mo kó ìwé fún Ọ̀gá, ó bi mí pé kí ni mo rí nínú ìgò. Mo ní omi ni. Ó ní báwo ni ó ṣe mọ́ tó. Mo ní ó mọ́ díẹ̀.

"Màlúù ti tẹ ìgò yẹn fọ́ láti ìrọ̀lẹ́ àná," ó ní. "Àfọ́kù rẹ̀ ló wà nínú àpò mi yìí."

Kò lé mi. Oṣù kan gbáko ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan bírò. Màá rìn lọ sídìí òkè, màá rìn padà, màá dúró níwájú rẹ̀ bí ọmọ iléèwé kéú, màá fi ẹnu sọ ohun tí mo rí, òun ni yóò kọ ọ́. Lọ́jọ́ tí ó dá bírò padà fún mi, ó ní, "Àyè tó ṣófo nínú ìwé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èyí tí o fi irọ́ dí ni ẹ̀ṣẹ̀." Láti ọjọ́ náà, n kò kọ nọ́ńbà tí n kò fojú mi rí mọ́. Ẹ rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ ó rí i pé èèyàn lè pa irú òfin bẹ́ẹ̀ mọ́ kí ó sì tún kó sí wàhálà.

Kí ẹ má rò pé ọkùnrin líle lásán ni. Lọ́jọ́ tí a sọ Rọ̀fíátù lórúkọ, ó gun alùpùpù láti Ìsẹ́yìn wá. Ó gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀, ó yọ tépù tí a fi ń wọn igi, ó wọn gígùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó kọ ọ́ sínú ìwé tòun ti ọjọ́. Ìyàwó mi ní ṣé igi ni wọ́n bí ni. Ó ní, "Ìyá Rọ̀fí, ohun tí a bá fẹ́ràn la ń wọ̀n." Ó ti ṣaláìsí báyìí. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Oríṣiríṣi èèyàn ni mo bá ṣiṣẹ́. Àwọn dókítà kan wá nítorí eṣinṣin etí odò tó ń fọ́ni lójú; mo ká ṣòkòtò sókè, mo jókòó sétí odò, bí eṣinṣin bá ti bà lé mi, màá fi ìgò dé e mọ́lẹ̀ kí ó tó jẹ mí. Nínú gbogbo wa, èmi ni mo mú èyí tó pọ̀ jù. Àwọn kan wá gba èèpo igi tí ìyá mi fi ń wẹ ibà, wọ́n lọ wò ó bóyá ó ń pa kòkòrò ibà lóòótọ́. Àwọn mìíràn, tí wọn kì í ṣe ti oògùn tàbí ti igi, wá kó èèpo kóró òrí tí àwọn obìnrin wa ń dà nù sẹ́yìn ilé. Wọ́n sun ún di èédú, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n fi sẹ́ omi odò. Omi náà mọ́ gaara. Bàbá ọ̀rẹ́ mi kan wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ààtàn wa ló ń fọ omi wa." Wọn kò mọ̀ pé èmi ni mo fi ààtàn náà hàn wọ́n.

Irinṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Tépù àti okùn la fi bẹ̀rẹ̀, ewé la sì ń tẹ̀ sáàárín ìwé ìròyìn, tí a ń fi pákó méjì há, tí a ń fi bẹ́líìtì dì. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ kékeré kan dé, tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ojú ọ̀run, tó ń sọ ibi tí èèyàn dúró sí. Lẹ́yìn ìyẹn, kámẹ́rà tí a ń so mọ́ ara igi, tó ń ya àwòrán ẹran tó bá kọjá. Báyìí, fóònù ti ń ṣe gbogbo rẹ̀. Mo kọ́ ọ, mo mọ̀ ọ́n ju àwọn tó mú un wá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: fóònù yóò sọ ibi tí o dúró fún ọ, kò ní sọ ibi tí ejò dùbúlẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ kàn wá báyìí. Bí ọdún mélòó kan ṣáájú kí n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n rán ọmọbìnrin kan wá láti yunifásítì, Tèmítọ́pẹ́. Àǹtí Tọ́pẹ́ ni mò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lè bí i. Ó ń kàwé láti di dókítà, kì í ṣe ti ilé ìwòsàn, ti ìmọ̀ igbó. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé, ṣé igi òrí tí oyin wà nítòsí rẹ̀ ń so ju èyí tí oyin jìnnà sí lọ? Ìbéèrè náà kì í ṣe eré. Oògùn tí àwọn àgbẹ̀ ń fín sóko ti ń pa oyin, igi òrí sì ń dín èso kù, bẹ́ẹ̀ òrí ni àwọn obìnrin wa fi ń jẹun. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá fi hàn pé oyin ló ń mú igi so, àwọn àgbẹ̀ ti ṣèlérí pé àwọn yóò dẹ́kun fífín in lásìkò òdòdó.

A mú igi méjìlá, a kan páànù pupa mọ́ wọn. A gbé ilé oyin sẹ́bàá mẹ́fà, àwọn tó wà létí ọ̀nà, kí ó lè rọrùn láti gbé e débẹ̀. Mẹ́fà tó kù wà nínú lọ́hùn-ún. A ro abẹ́ wọn mọ́ tónítóní. Láràárọ̀ nígbà tí òrí bá ń já, ní aago mẹ́jọ, màá ka èso tó wà nílẹ̀ lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, màá kọ ọ́, màá sì kó wọn kúrò.

Ní ọ̀dọ̀ wa, èso òrí tó bá fúnra rẹ̀ já nínú igbó, obìnrin tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ láàárọ̀ ló ni ín. Kò sí ẹni tó ń jà sí i, láti ayébáyé ni. Nítorí náà a lọ bá Baálẹ̀, Baálẹ̀ pe àwọn obìnrin, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi igi onípáànù pupa sílẹ̀. Wọ́n gbà, wọn kò sì yẹ̀ ẹ́.

Ẹni kan ni kò sí níbi ìpàdé náà. Ìyá Ìpàpó ni, ìyá tó bí ìyàwó mi. Ìpàpó ló wà nígbà náà, ó ń tọ́jú ọkọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Bàbá náà kú, ó sì wá ń gbé lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn tó jáde opó. Ẹ ò rí obìnrin tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Yóò jókòó sínú yàrá láti àárọ̀ dalẹ́. Bí a bá gbé oúnjẹ fún un, yóò dúpẹ́, oúnjẹ náà yóò tutù síbẹ̀. Muíbátù a máa sunkún ní ẹ̀yìn ilé kí ìyá rẹ̀ má baà gbọ́.

Lọ́jọ́ kan, mo tètè lọ sígbó lẹ́yìn ìrun àsùbá. Mo bá Ìyá Ìpàpó lábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn igi etí ọ̀nà. Igbá rẹ̀ ti dé ìdajì. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí koríko tútù.

"Bàbá Rọ̀fí," ó ní, "ẹ̀yin náà wá ṣa òrí? Ẹ gba ọ̀hún lọ, èmi ti mú ibí."

Ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ní àna, ẹ dá mi lóhùn: ta ni nínú yín tí yóò sọ pé kí ó da ohun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀? Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá." Mo sọ fún ara mi pé igbá kan lásán ni, kí ni igbá kan yóò ṣe.

Báyìí ló ṣe di ojoojúmọ́. Yóò lọ ní àsùbá, èmi yóò lọ ní aago mẹ́jọ. Mo ka ohun tí mo rí, mo kọ ohun tí mo rí. N kò purọ́ kan. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ni ohun tí Ìyá Ìpàpó ṣẹ́kù. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn obìnrin ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí ọlọ. Òrí tí ó bá ṣe, ó ń bù ú fún mi láti fi ra orúnkún. Ọdún méjì ni mo fi ra òrí náà, tí mo ń fi orúnkún ọ̀hún rìn lọ kà á.

Lẹ́yìn ọdún kejì, bí òrí ṣe já tán, Àǹtí Tọ́pẹ́ gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí ojúde wa, ó gbé e lé itan.

"Bàbá Rọ̀fí, èsì wa ti jáde."

"Kí ló wí?"

"Oyin kò ṣe nǹkan kan fún igi. Àní àwọn tí oyin wà lẹ́bàá wọn, èso tiwọn ló kéré jù."

Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ.

"Ó yà mí lẹ́nu, sà, ṣùgbọ́n bó ṣe rí náà nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi bi mí bóyá nọ́ńbà wọ̀nyẹn ṣeé gbára lé. Mo ní nọ́ńbà tí Bàbá Rọ̀fí bá kọ, n kì í bi í lẹ́ẹ̀mejì."

Ó ní oṣù méjì sí i ni òun yóò gbé ìwé òun kalẹ̀, pé kí ó tó dìgbà náà òun yóò pe àwọn àgbẹ̀ jọ, òun yóò sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ oyin kò kan òrí. N kò lè wo ojú rẹ̀. Igi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà etí ọ̀nà ni Ìyá ti ń ṣa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé e wọ inú lọ́hùn-ún.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ ọlọ́mọ yóò fi irọ́ gba oyè, àwọn àgbẹ̀ yóò sì máa fín oògùn wọn lọ títí oyin yóò fi tán. Bí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ọdún méjì rẹ̀ bàjẹ́, orúkọ tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ bàjẹ́, mo sì ti pe ìyá ìyàwó mi ní olè níwájú àlejò. N kò jẹun. Lẹ́yìn ìrun àláásàrì ọjọ́ kejì, mo lọ bá Ìyá níbi tó ti ń fi òkúta fọ́ kóró òrí. Mo dọ̀bálẹ̀, n kò dìde.

"Bàbá Rọ̀fí, kí ló dé? Ìdọ̀bálẹ̀ yìí ti pẹ́ jù fún ìkíni."

"Mo wá bẹ̀ yín ni, Ìyá."

"Ẹni tí a bá ṣẹ̀ là ń bẹ̀. Kí lẹ ṣe fún mi?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: páànù pupa, Baálẹ̀, oyin, ìwé. Ó ń fọ́ kóró rẹ̀ lọ, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà ó gbé òkúta sílẹ̀.

"Nítorí náà, olè ni mí."

"Ìyá, n kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kì í dùn lẹ́nu ìyá olè. Lẹ́nu ọkọ ọmọ olè ńkọ́? Tiyín yìí ni yóò le jù." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì tán. "Ọdún méjì lẹ fi ń bá mi níbẹ̀, tí ẹ ń kí mi kú iṣẹ́?"

"Mò ń bọ̀wọ̀ fún yín ni, Ìyá."

"Ẹ ò bọ̀wọ̀ fún mi. Ẹ fi mí sílẹ̀ kí n máa ba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ láìmọ̀. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní, mi ò bá ti yà síbòmíràn. Ṣé igi mẹ́fà ló wà nínú igbó Irawo ni?"

Mo ti ń rìn níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fún ọgbọ̀n ọdún, obìnrin tí kò mọ ábídí nínú ìwé ló fi ibi tí mo ti ṣìnà hàn mí.

"Ẹ dìde," ó ní. "Lọ́la, a ó jọ lọ sọ fún un. Bí ẹ bá dá lọ, ẹ ó bò mí láṣìírí, ọ̀rọ̀ náà yóò sì tún dàrú."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì a bá Àǹtí Tọ́pẹ́ nínú igbó, níbi tó ti ń tú àwọn páànù. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Páànù ọwọ́ rẹ̀ já bọ́. Kò bú mi. Ì bá bú mi.

"Ọdún méjì, Bàbá Rọ̀fí," ni gbogbo ohun tó sọ. Ó rìn lọ sí abẹ́ igi kan, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ejò ti bù mí jẹ rí nínú igbó yẹn. Ti ejò sàn.

Ìyá Ìpàpó lọ dúró tì í. Kò fọwọ́ kàn án, ó kàn dúró tì í títí ẹkún náà fi rọlẹ̀.

"Ọmọ mi, mélòó lo rò pé mo kó?"

"Ìyá, n kò lè rò ó. Bí mo bá rò ó, irọ́ ni."

"O ò ní rò ó. Wá wò ó."

Ó mú wa lọ sí ẹ̀yìn yàrá rẹ̀. Àpò mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ó fi àkísà aláwọ̀ oríṣiríṣi so wọ́n lẹ́nu. Kóró òrí ọdún náà ni, ti igi kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

"Ti ẹsẹ̀ ọ̀nà yìí, òrí rẹ̀ pọ̀, ó sì funfun," ó ní. "Ti ibi òkúta yìí, ó korò, ọṣẹ nìkan ló dára fún. Ta ló ń dà wọ́n pọ̀? Ọmọ tí kò tíì mọ òrí ṣe ni."

Inú àpò kan péré ló ti bù fọ́ lánàá, èèpo rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Àwa mẹ́ta jókòó sílẹ̀, a kà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kóró lọ́tọ̀, èèpo lọ́tọ̀. Àǹtí Tọ́pẹ́ so wọ́n pọ̀ mọ́ nọ́ńbà tèmi. Ọdún kejì padà bọ̀ sípò. Ti ọdún kìíní, a ti jẹ ẹ́, a ti fi ra orúnkún, kò sí ẹni tó lè mú un padà wá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ bínú lórí fóònù títí mo fi ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó. Ó ní ọdún kan kò tó, kí ó padà lọ kà á lọ́dún kan sí i. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba oyè wọn lọ́dún náà, òun padà wá sí Irawo. Kò ní kí wọ́n lé mi. Ó kàn ní, "Bàbá Rọ̀fí, ẹ má bínú, láti ìsinsìnyí màá máa yẹ nọ́ńbà yín wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀." Mo ní ó tọ́. Ó dùn mí ju lílé lọ.

Ilé wa ló ń gbé ní ọdún kẹta náà, òun àti Ìyá nínú yàrá kan. Ní àsùbá wọn a jáde pọ̀. Àǹtí Tọ́pẹ́ ti gbà kí Ìyá máa ṣa, bí ó bá ṣáà ti ń kà á. Ogún-ogún ni Ìyá ń kà, bí ogún kan bá pé, yóò ju òkúta kékeré kan sínú ìgbànú. Mò ń gbọ́ wọn láti òkèèrè.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ní ogún mẹ́ta àti méje. Kọ ọ́."

"Ìyá, n kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n."

"O máa dà á. Bí ìyá àna Akaigi kò bá tún jí tìẹ kó."

Èmi a dé ní aago mẹ́jọ, màá ka ìyókù, a ó ro wọ́n pọ̀. Kí òrí tó já dé ìdajì la ti rí i: àwọn igi tí oyin wà lẹ́bàá wọn so ju àwọn yòókù lọ, ó hàn kedere. Kóró inú àpò Ìyá ti sọ ohun kan náà lọ́dún tó kọjá. Àwọn àgbẹ̀ gbọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti ń dúró kí òdòdó rẹ̀ dànù kí wọ́n tó fín nǹkan. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Tiwa pẹ́ lọ́jà o, ṣùgbọ́n wọ́n rà á.

Ẹ bi mí bóyá iṣẹ́ náà dára. Màá sọ òwúrọ̀ kan fún yín, kí ẹ fúnra yín dá a lẹ́jọ́.

Ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí òrí ọdún kẹta já tán, ibà mú Ìyá Ìpàpó. A gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, wọ́n gbìyànjú. Ọjọ́ mẹ́ta ni, tí Àǹtí Tọ́pẹ́ ń dá lọ ṣa ní àsùbá, tó ń kà á. A sin ín kí ìrun àláásàrì tó kọjá, ilé sì kún. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo kírun àsùbá tán, mo mú ìwé, mo gba ẹ̀yìn ilé jáde. Àǹtí Tọ́pẹ́ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ wú.

"Ẹ jókòó ti ìyá Rọ̀fí, sà. Èmi á lọ."

"Jẹ́ ká jọ lọ," mo ní.

Ìrì pọ̀. Nígbà tí a dé ìdí igi tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀nà, a dúró. Ilẹ̀ kún. Èso òrí wà káàkiri, tútù, gbogbo rẹ̀ dùbúlẹ̀ síbi tó já sí, kò sí ipa ẹsẹ̀ láàárín wọn. N kò rí abẹ́ igi náà bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún mẹ́ta. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, orúnkún mi ń ké. Mo kà wọ́n ní ogún-ogún, Àǹtí Tọ́pẹ́ di bírò mú, ó ń retí.

"Ó pé, Bàbá Rọ̀fí?"

"Ó pé."

Ó ní kí n sọ iye rẹ̀ kí òun kọ ọ́. Mo sọ ọ́ ní ogún-ogún bí Ìyá ṣe máa ń sọ ọ́, mo sì ní, "Kọ ọ́."